Àlẹ̀mọ́ Aláwọ̀ Ewé Tó Wà Lẹ́yìn Dàńṣíkí Jínádù

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, ọdún náà ni mo dé Èkó. Mi ò mọ iye tí àwọn alákọ̀wé ń pè é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí a ṣe ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọkàn èrò kankan ò balẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, olúkúlùkù á dijú, á máa ṣe àdúà lábẹ́nu. Èmi náà dijú. Mo dijú títí oorun fi gbé mi lọ. Ìgbà tí mo máa lajú, Dọ̀pẹ̀mú ni mo wà, obìnrin kan sì ń fi àjákù aṣọ nu itọ́ lẹ́nu mi. Ìyá Àlímọ́tù nìyẹn, ọ̀gá tí wọ́n mú mi wá bá láti kọ́ṣẹ́. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ó ṣì máa ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì jí tán nínú oorun ọjọ́ yẹn, bíi pé inú rẹ̀ ni mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé.

Àmínà, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí, torí èmi ò kàwé. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ ń béèrè bóyá iṣẹ́ aṣọ eré ṣeé fi jẹun, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tó ń ránṣọ fún òṣèré tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní kó sọ fún wọn pé mo jẹ, mo sì yó níwọ̀nba. Mo kọ́lé kékeré sí Ìgàndò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, owó ò ní ìtàn. Aṣọ ló ní ìtàn, ó sì ní aṣọ kan tí gbogbo ayé ń bá mi fà lórí fóònù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Kó lè yé yín, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Télọ̀ ni Ìyá Àlímọ́tù, ṣùgbọ́n wọn kì í ránṣọ fún ará àdúgbò. Ẹgbẹ́ eléré kan tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń rán tiẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ náà, àwọn ni wọ́n ń lọ̀ ọ́, àwọn náà ni wọ́n ń gbé e tẹ̀lé wọn kiri. Obìnrin náà le. Odidi ọdún àkọ́kọ́ mi, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Títú ni mo ń tú. Aṣọ tó ti gún régé, wọ́n á jù ú sí mi lẹ́sẹ̀ pé kí n tú u, kí òwú má já, kí aṣọ má sì ya. Màá máa sunkún, màá máa tú. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ ìsàlẹ̀ ti ń rán búbà nígbà yẹn. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Atúṣọ, o ti tú ayé tán bí?"

Ìgbà tí mo bi ọ̀gá mi pé kí ló dé, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní ẹni tí ò bá mọ aṣọ tú, rírán rẹ̀ òfo ni. Wọ́n ní a kì í bọ́ aṣọ eré lọ́rùn ẹnì kan ká fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn láìtú u. Ara olúkúlùkù ní ibi tó ń fà sí. Aṣọ tí wọn ò bá tú, ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ò tíì jáde nínú rẹ̀, ẹni tuntun tó bá wọlé á máa fara gbún un. Mo rò pé wọ́n ń fi dẹ́rù bà mí ni.

Ní ọjọ́ kan ṣá, mo ti ń rán nǹkan nígbà yẹn, mo kánjú, mo sì fi apá búbà kan sódì. Ọ̀gá mi ò nà mí. Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́, kí n fi lọ pọnmi ní ẹ̀rọ omi. Mo wọ̀ ọ́. Apá kan wo iwájú, èkejì wo ẹ̀yìn. Dọ̀pẹ̀mú rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí àwọn tó ń gbé mọ́tò kọjá fi ń dúró. Ìgbà tí mo sọ korobá kalẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ní mo gbọ́ ọ, mà. Wọ́n ní, "Ẹ̀rín èèṣì nìyẹn. Tiwa ni pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín èèṣì bá wá fúnra rẹ̀, má lé e lọ. Gba ẹrù lórí ẹ̀."

Kò sí ìmọ̀ràn tó ṣe mí lóore bí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná ẹlẹ́ńtíríkì lọ̀ṣọ, ẹ ò lè mọ òórùn yàrá yẹn. Èédú inú áyọ́ọ̀nù, ògì tí a fi ń mú aṣọ le, òógùn àwọn òṣèré, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ bí oorun ọ̀sán. Àwọn aṣọ á gbé ara wọn kọ́ sórí okùn, aṣọ ọba, aṣọ olè, aṣọ ìyàwó ojú ọ̀nà. Atẹ́gùn á wọlé, gbogbo wọn á mí sínú, wọ́n á mí síta. Nígbà mìíràn màá gbàgbé pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀, màá sì kí wọn.

Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Ọ̀gá Mùdá wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, tínínrín báyìí, ojú wọn bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà tí eré orí pèpéle ń kú lọ tí àwọn oníkámẹ́rà dé, Ọ̀gá Mùdá ni wọ́n gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Àlejò Ọjọ́ Mẹ́ta. Jínádù ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú rẹ̀. Jínádù á dé pẹ̀lú ẹní àti búta àlùwàlá lọ́wọ́, á ní òun ò ní í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ká tó mọ̀, òun ni wọ́n ń bi léèrè ohun tí wọ́n máa sè, onílé gan-an á wá máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọ yàrá ara rẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá mi la ṣe dàńṣíkí tí Jínádù ń wọ̀. Aṣọ gbígbó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lọ́jà, ńṣe lèèyàn ń mú un gbó. Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ni a fi sá a sórí páànù, kí oòrùn jẹ ẹ́, kí ìrì pa á. Mo fi òkúta ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi lu, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹyọ kan ṣoṣo la ṣe, torí kò sẹ́ni tó lè mú aṣọ méjì gbó bákan náà. Ihò yẹn ni ẹ̀rín wà. Bí Jínádù bá ti kọ ẹ̀yìn, ọmọ onílé á ní, "Àlejò, ẹ̀yìn yín ń wò wá o." Ẹ̀rín á fẹ́ wó ilé.

Eré kìíní lọ káàkiri. Ìgbà tí a ń ṣe èkejì nínú ilé kan tí a yá ní Ìdímù, nǹkan ṣẹlẹ̀.

A ti ṣe iṣẹ́ dé ààbọ̀. Jínádù ti wọlé, ihò ti hàn, ọmọ onílé ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òjò wá dá wa dúró fún ọjọ́ méjì. Mo fi dàńṣíkí náà kọ́ sórí okùn lábẹ́ páànù ẹ̀yìn ilé. Ọjọ́ kìíní yẹn ni Ìyá Mùdá, ìyá tó bí Ọ̀gá Mùdá, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò wo eré ọmọ wọn rí. Àwọn èèyàn ló ń sọ fún wọn nílé pé àwọn rí Mùdá tó wọ àkísà níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá kó ẹrù, ó di Èkó. Nígbà tí wọ́n rí àkísà náà lórí okùn, wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ àwọn ń jìyà, ojú ló ń tì í tí kò fi wí.

Wọ́n mú dàńṣíkí wọlé. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gé etí ìró ara wọn, ìró aláwọ̀ ewé tí wọ́n ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò ẹ̀yìn náà, abẹ́rẹ́ nínípọn, òwú nínípọn. Wọ́n fi ògì sí i. Wọ́n ká a sábẹ́ ìrọ̀rí wọn kó lè nà.

Òjò dá, a pe iṣẹ́, mo lọ mú aṣọ, okùn lásán ni mo bá. Ìgbà tí ìyá gbé e jáde, ó mọ́ bí aṣọ Jímọ́ọ̀, ó le gbagidi. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oníkámẹ́rà gbé ọwọ́ lérí. Jínádù tó fi ihò wọlé, báwo ni yóò ṣe fi àlẹ̀mọ́ jáde? Onílé tó yá wa nílé sì ń padà bọ̀, kò sí pé à ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹnì kan láàárín wa ti ń kùn pé ta ló ní kí màmá yìí wá.

Ìyá ò tiẹ̀ gbọ́ tiwa. Ọmọ wọn nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Mùdá, bí ayé ò bá rọgbọ, ṣebí ilé ò jìnnà. Kí lo ń jìyà ní ìkọ̀kọ̀ sí?"

Mo rò pé Ọ̀gá Mùdá máa bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba dàńṣíkí, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ìyá wọn kí ìyá lè rí i. Wọ́n ní, "Ó bá mi mu, Mọ́ọ̀mi." Wọ́n wá rìn lọ síwájú kámẹ́rà, wọ́n ní kí ọmọ onílé sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ọmọ náà ní, "Àlejò, ẹ̀yìn yín ń wò wá o." Jínádù ò yíjú padà. Ó fọwọ́ kan àlẹ̀mọ́ yẹn jẹ́ẹ́.

"Ó ti sùn," ló wí. "Ìyá mi wá kọrin fún un."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́, a ń gbọ́ omi òjò tó ń kán láti ara páànù. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, mi ò tún gbọ́ irú ìdákẹ́ yẹn mọ́. Ọ̀gá mi dìde nílẹ̀, wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ nù, wọ́n sì rọra sọ sí mi létí pé kí n gba ẹrù lórí ẹ̀.

Àlẹ̀mọ́ ni ayé wá mọ Jínádù sí. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé aṣọ tuntun lọ bá télọ̀ ní Ìkòtún pé kó bá àwọn fi aṣọ aláwọ̀ ewé lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Eré náà ń bí ara rẹ̀: ó kúrò nínú sinimá, ó bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì dúdú, ó bọ́ sínú síídì, ó bọ́ sínú fóònù. Mo ti ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ bọ́ sí ẹlẹ́sẹ̀, mo ti ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sí oníná. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi òwú aláràbarà sábẹ́ ìṣẹ́po aṣọ kí n lè mọ ipò tí aṣọ wà nígbà tí a dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Òwú pupa, ọjọ́ tí àpò ya. Òwú funfun, ọjọ́ tí ọbẹ̀ dà sí i. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó sì tán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi ṣáà ń fi òwú tèmi sí i, torí ọwọ́ mi ti mọ́ ọn.

Ìyá Mùdá kú. Ọ̀gá mi náà lọ. Bí òwú àlẹ̀mọ́ bá ti ń tú, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìyá ti gún nìkan ni mo ń gbà rán an, Ọ̀gá Mùdá ò gbà kí n gún òmíràn. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run pe àwọn náà. Mo ká dàńṣíkí náà, mo fi kánfọ̀ sí i, mo gbé e sínú àpótí mi, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni Wàsíù, ọmọ Ọ̀gá Mùdá, kéde pé òun fẹ́ ṣe Àlejò Ọjọ́ Mẹ́ta tuntun, pé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láńre ni yóò ṣe Jínádù. Háà, ìjà dé. Àmínà á máa ka ohun tí wọ́n ń kọ fún mi. Àwọn kan ní ẹni tó bá fọwọ́ kan eré yẹn kò bọ̀wọ̀ fún òkú. Àwọn kan ní ẹ̀rín làwọn ń wá, ta ló ń bi òkú léèrè. Ẹnì kan ní kí wọ́n bi màmá tó ní dàńṣíkí náà lọ́wọ́. Tó bá yọ̀ǹda rẹ̀, òótọ́ ni. Tí kò bá yọ̀ǹda rẹ̀, ayédèrú ni. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo wọn ti ń wo ọwọ́ mi.

Ìjà náà ò dúró nínú fóònù. Tíṣà, ará Èkìtì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi, àti Bàbá Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú ilé wa, abẹ́ fèrèsé mi ni wọ́n ti ń jà á.

"Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn sinmi," Tíṣà á ní.

"Tíṣà, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, kí ló ń rọ́pò ẹ̀? Ẹ ò kọ́ wọn nílé ìwé ni?"

"Ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wọ ewé ìyá ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù tó bá jáde."

Inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ń wọ̀ mí lára.

Ìgbà tó yá, Wàsíù mú Láńre wá. Ọmọ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ṣí àpótí. Ó wọ dàńṣíkí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí Ọ̀gá Mùdá, ó sọ̀rọ̀ bí Ọ̀gá Mùdá, ó tilẹ̀ ń mí bíi tiwọn. Àmínà ń rẹ́rìn-ín, Wàsíù ń rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú rẹ̀. Ara èmi tutù. Ó dà bí ìgbà tí aṣọ dìde lórí okùn tó sì ń rìn, tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Aṣọ náà gbún ọmọ náà léjìká, mo rí i, mo sì rántí ọ̀gá mi. Mo ní kó bọ́ ọ.

Wàsíù kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tí eré yìí bá dúró, àwọn ọmọ mi ò ní mọ ohun tí bàbá mi ṣe láyé."

Mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sùn lórí àga. Ìyá Àlímọ́tù wá, wọ́n ń fi àjákù aṣọ nu ẹnu mi. Wọn ò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Títú ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ." Mo jí, ẹnu mi gbẹ. Mo pe Àmínà kó wá jókòó tì mí, kó máa fi ojú rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Mo tú dàńṣíkí náà. Apá, ọrùn, ìhà, gbogbo rẹ̀, òwú ò já, aṣọ ò ya. Àlẹ̀mọ́ ni mo tú kẹ́yìn. Etí ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú ju ara aṣọ yòókù lọ, oòrùn ò rí i láti ọjọ́ tí ìyá ti bò ó. Ó là bí ojú ẹni tó jí.

Nígbà tí wọ́n dé, mo fi àlẹ̀mọ́ lé Wàsíù lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá bàbá ẹ ló fún bàbá ẹ. Kì í ṣe ti eré. Fi han àwọn ọmọ ẹ, kó o sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀." Ó ká a sínú àtẹ́lẹwọ́. Mo wá wọn Láńre, mo rán aṣọ náà padà sí ara rẹ̀, mo fi ihò sílẹ̀ gbayawu.

Ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló máa wá bá mi dí i?"

Mo ní, "Èmi kọ́."

Tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ó ká ọwọ́ lé àyà. Ó fẹ́ dán ọmọ náà wò, ó ní, "Àlejò, ẹ̀yìn yín ń wò wá o." Gbogbo wa mọ èsì. Mo di ọwọ́ àga mú, mo ń bẹ Ọlọ́run kó má fọhùn òkú dá a lóhùn. Láńre rọra tẹ̀ ba, bí ẹni pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń bá a sọ nǹkan.

"Ó ní, ẹ kúulé," ló wí.

Tíṣà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó ká ètè, ó wo òkè àjà, kò ràn án. Ẹ̀rín náà já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ní láti di férémù ilẹ̀kùn mú. Láti ìta ni Bàbá Kẹ̀kẹ́ ti ń béèrè pé ta ló ń gún Tíṣà ní abẹ́rẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣomi. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ rí ni.

Ìjà ò tíì tán lórí fóònù o. Àwọn kan ní mo ba ogún jẹ́, àwọn kan ń gbàdúà fún mi. Wọ́n ti ń ya eré náà lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀gùn. Mi ò mọ bí yóò ṣe rí, àlejò ni, a máa rí ẹsẹ̀ tó fi wọlé.

Nígbà Iléyá, àwọn ọmọ mi péjọ. Wọ́n ń fọgbọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe sí àpótí mi lọ́jọ́ tí mi ò bá sí, pé àwọn máa fi kánfọ̀ sí i, àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ dán an wò. Mo ní, "Aṣọ tí mo bá fi sílẹ̀, ẹ tú u. Kí olúkúlùkù wọn ara rẹ̀ kó tó rán tiẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti rí àlẹ̀mọ́ mi, ẹ ṣí i, ẹ jẹ́ kí ihò náà wò yín díẹ̀. Tó bá kí yín, ẹ dá a lóhùn."